Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Lọ́dọ̀ Alájọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú mi, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí ní agbo ilé wa ní Beyerúnká, Ìyá Àgbà kì í sì í sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n má pa òwe mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí òwe ṣẹ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwe náà ṣe ṣẹ mọ́ mi lára, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà tí mo gbà má baà jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Ohun méjì ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi ní ọgbà Yunifásítì. Èkíní ni pé ẹ̀kọ́ èdè ni mo ń kọ́. Èkejì ni pé mo ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ̀, kóòdù ni à ń pe ohun tí à ń kọ náà. Àṣẹ ni, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tí ẹ̀rọ yóò máa mú ṣẹ láìbéèrè ìdí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n kan tí ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ní Bẹẹrẹ ni mo ti kọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀gbọ́n náà ní jẹnẹrétọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí n jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bí iná bá lọ. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí wọ́n ti lò kí n tó rà á ni mo ti ń ṣe é. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì mi ní Yunifásítì, mo ti lè kọ kóòdù débi pé mo gbà pé kò sí ohun tí ó kù tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ mi.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Andela kéde pé òun ń dá nǹkan bí 250 nínú àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ òun dúró ní Nàìjíríà àti Ùgáńdà. Ọdún 2014 ni wọ́n dá Andela sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì ni láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè máa bá àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́. Wọn kò sọ pé àwọn ọ̀dọ́ náà kò mọ kóòdù kọ o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn tí ó ti gbó nídìí iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń fẹ́. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ni gbígbó nídìí iṣẹ́ yìí gan-an? Bí ènìyàn bá mọ kóòdù kọ, kí ni ó tún kù? Mo dáhùn fún ara mi pé iye ọdún ni wọ́n ń sọ. Èmi náà yóò sá dàgbà. Ẹ ò rí i pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìyá Àgbà ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba, wọ́n sì ń dá àjọ lọ́dọ̀ bàbá kan tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Bàbá Alájọ. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn kò nílò kí n ṣàlàyé àjọ fún yín, ṣùgbọ́n kí àlejò tí ó wà láàárín wa lè lóye, báyìí ni ó rí. Oníṣòwò yóò dárúkọ iye kan tí agbára rẹ̀ ká, yóò sì máa san án lójoojúmọ́. Alájọ yóò fún un ní káàdì tí a fa ilà sí, ojú kan fún ọjọ́ kan, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní gbogbo rẹ̀. Bí ó bá san ti òní, alájọ yóò fi àmì sí ojú ti òní. Nígbà tí oṣù bá parí, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún olówó. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Orúkọ rere nìkan ni ó so gbogbo rẹ̀ ró.

Nígbà tí eékún bẹ̀rẹ̀ sí dun Bàbá Alájọ, wọ́n ní kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, máa pín ìrìn náà ṣe. Mo rí iṣẹ́ wọn, mo sì rí àyè láti fi ara mi hàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe ètò kan fún yín tí yóò máa ṣírò gbogbo rẹ̀. Ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ ìwé àti káàdì." Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ Yunifásítì, ṣé o mọ iṣẹ́ àjọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni ó wà nínú àjọ bí kò ṣe ìròpọ̀ àti ìyọkúrò? Nítorí Ìyá Àgbà, wọ́n gbà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ nínú yàrá mi. N kò bá Bàbá rìn lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò bi obìnrin kankan léèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó dán lójú, ó ń yára bí ẹyẹ. Orí fóònù ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà ti ń lò ó, orí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbé rìn ni èkejì ti ń lò ó. Wọn yóò tẹ orúkọ oníbàárà, wọn yóò tẹ iye, ó parí. Bí ètò náà kò bá sì rí orúkọ kan tẹ́lẹ̀, yóò ṣí ojú ìwé tuntun fún un fúnra rẹ̀. Mo ka èyí sí ọgbọ́n. Mo ní kí wọ́n kó káàdì dà nù, pé ohun àtijọ́ ni. Èyí tí ó sì dùn mọ́ mi jù ni pé mo pàṣẹ pé orúkọ gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pé pérépéré. Ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni mí! N kò fẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn ìyá wa bí ẹni pé òyìnbó ni ó sọ wọ́n lórúkọ.

Oṣù kò tíì parí tán nígbà tí ọ̀ràn dé. Ìyá Aláta, tí ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí ti Ìyá Àgbà, fẹ́ gba owó wọn kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀ láti fi kún owó ìdánwò ọmọ wọn obìnrin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ìyẹn 500, ni wọ́n ń dá lójúmọ́. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ti san. Ọmọ-ọmọ Bàbá tẹ orúkọ wọn sórí fóònù, fóònù ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni. Ó ka 6,500 náírà fún wọn dípò 12,500. Ìyá Aláta ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé mi, ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

Bí ẹ̀rọ kò bá purọ́, ta ni ó purọ́? Ọ̀rọ̀ náà gba ọjà kan. Ẹni kan ní bóyá Ìyá Aláta gbàgbé ni. Ẹlòmíràn tí ìjà àtijọ́ wà láàárín wọn ní ojú ń kán wọn nítorí owó ìdánwò. Káàdì kò sì sí lọ́wọ́ wọn tí wọn ìbá fi jà, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìgbà yìí ni Ìyá Aláta bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ tábìlì ata, tí wọ́n sì da òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí àpò. Láti ọjọ́ tí mo ti gba káàdì ni wọ́n ti ń sọ òkúta kan sínú agolo náà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá san. Wọ́n kà á lójú gbogbo ènìyàn. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Alájọ. Bàbá kò wo fóònù rárá. Wọ́n ka òkúta, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò ara wọn, wọ́n sì san owó náà pé. Wọ́n yíjú sí ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ẹ̀rọ yìí kò tíì pé oṣù kan." Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n gbọ́ ọ.

N kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo yẹ kóòdù mi wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí àléébù. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àárọ̀ ni mo rí i pé Ìyá Aláta ní ojú ìwé méjì, ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ọ̀kan, ọjọ́ méjìlá nínú èkejì, orúkọ kan náà sì ni ó wà lókè méjèèjì. Ojú mi kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ oríkì tí ó parí sí "kẹ́" ni Ìyá Aláta ń jẹ́. Unicode, ìlànà tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, tí a fi ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní nọ́ńbà kan fún "ẹ" tí ó ní àmì ìsàlẹ̀, ó sì ní òmíràn fún "é" tí ó ní àmì òkè, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ́" tí ó ní méjèèjì. A ní láti so ó pọ̀ ni. Fóònù a máa mú "ẹ", a sì fi àmì òkè lé e. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà a máa mú "é", a sì fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn méjì ni. Àmì tí mo fi ń yangàn ni ó la obìnrin kan sí méjì.

Oògùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ kóòdù kan lọ, èyí tí yóò sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé náà di ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó fi wọ́n wéra. Mo kọ ọ́, ó ṣiṣẹ́, inú mi sì dùn. Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà pé mo ti tún un ṣe. Ìyá Àgbà ń ku èlùbọ́ lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àkànní, inú ẹ̀rọ ni o ti tún un ṣe. Ta ni yóò bá ọ tún ti Ọjà'ba ṣe?"

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo ti rò pé iṣẹ́ mi parí gan-an ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ sí Ọjà'ba ní ọjọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Aláta níwájú ìsọ̀ wọn nígbà tí ọjà kún, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, pé owó wọn pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Aláta ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́. Owó ti dé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n o rí orúkọ tí wọ́n pè mí níbí lánàá, fóònù ò lè pa á rẹ́." N kò rí èsì fọ̀.

Láti ibẹ̀ mo lọ bá Bàbá Alájọ, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá àwọn rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tẹ̀lé wọn ní ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, láti Beyerúnká dé Ọjà'ba, kí a tó gba abẹ́ òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929 ti ń wo òrùlé páànù ìlú, títí dé Bẹẹrẹ. N kò gbé kọ̀ǹpútà dání. Ìwé kékeré àti bírò ni mo mú.

Ohun tí mo kọ́ pọ̀. Mo rí i pé obìnrin kan lè ní káàdì mẹ́ta, ọ̀kan fún owó ilé, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ohun tí kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ètò mi ìbá ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Mo rí i pé Bàbá kì í dárúkọ iye owó ẹnikẹ́ni sókè lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà gàdàgbà ni ètò mi fi ń gbé e síta fún ẹni tí ó bá ń yọjú. Mo rí i pé àwọn tí kò mọ̀wé mọ káàdì wọn kà dáadáa, wọ́n ń ka àmì rẹ̀ bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀, àti pé bí àìsàn bá dá ìyá kan mọ́lẹ̀, káàdì náà ni ọmọ rẹ̀ yóò mú wá. Mo rí i pé bí Bàbá bá dé ìsọ̀ tí ọjà kò tà, wọn kì í na ọwọ́, wọn yóò kàn kí oníṣòwò náà, wọn yóò sì kọjá. Gbogbo ohun tí mo pè ní ìròpọ̀ àti ìyọkúrò, ìwà ni, ó sì ti pẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Mo wá tún ètò náà kọ. Káàdì padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni ín, nọ́ńbà sì wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yìí ni ẹ̀rọ ń wò, kì í ṣe orúkọ. Orúkọ ṣì ní àmì rẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí ó ní in, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni owó dúró lé mọ́. Iye owó ti kúrò lójú gbangba. Bí ẹ̀rọ àti káàdì bá takora, káàdì ni a óò gbà gbọ́ títí a ó fi wádìí. Ètò náà kò tún lè ṣí ojú ìwé tuntun fúnra rẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin ní Yorùbá lórí bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá méjèèjì títí wọ́n fi lè tún àṣìṣe ṣe láìpè mí. Kóòdù tuntun náà kò gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìrìn ni ó gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà náà ni mo wá mọ ohun tí gbígbó nídìí iṣẹ́ jẹ́. Kì í ṣe iye ọdún nìkan, kì í sì í ṣe iye kóòdù. Aṣọ ni kóòdù, ọmọdé lè ra aṣọ lóòjọ́. Àkísà ni àṣìṣe tí ènìyàn ti ṣe, tí ó jẹ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Brooks, ti kọ ọ́ ní ọdún 1986 pé ohun tí ó le jù nínú ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà ni láti mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe gan-an. Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà kí ọ̀ràn Ọjà'ba tó ṣẹlẹ̀, mo tilẹ̀ fa ilà sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ChatGPT sì ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń kọ kóòdù fún ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ ti tán. Èmi náà bẹ̀rù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó lè kọ ètò mi àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú kan kò ní bá Bàbá Alájọ rìn gba abẹ́ Mápó, kò sì ní dọ̀bálẹ̀ ní Ọjà'ba.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè ju bí a ti rò lọ. Wọ́n máa ń bi wá pé kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Ní ọdún 1875, àwọn àgbà péjọ ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sì wà lára wọn. Iṣẹ́ náà kò tíì parí, ó kàn ti wọ inú ẹ̀rọ ni. Kọ́lá Túbọ̀sún, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, ni ó dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí a ti kọ́ láti fetí sí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ó sì má fi èrò tirẹ̀ dí wọn lẹ́nu, ti ní ìdajì iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Èmi ní ìdajì náà lọ́wọ́, mo sì jókòó sí yàrá.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ bọ̀ sípò. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní. Bàbá Alájọ ti ń pè mí ní ọ̀gá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n Ìyá Aláta kò dá àjọ lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ọ̀dọ̀ alájọ mìíràn ni wọ́n ń lọ báyìí. Bí mo bá gba ìwájú ìsọ̀ wọn kọjá, mo máa ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n máa ń dá mi lóhùn, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi ata díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Agolo mílíìkì náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì wọn. Mo máa ń gbọ́ tí òkúta ń dún nínú rẹ̀.